Ẹyẹ, Ìbọn Afẹ́fẹ́ àti Àmì Kan Ṣoṣo

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Àwòdì,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n san ohun tí mo jẹ ọ́. Ìdáhùn mẹ́ta ni. Orúnkún mi: ọ̀tún ti sàn, òsì ṣì ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Òrùlé: wọ́n ti kàn án, ìṣó mẹ́rìnlélógún ló gbà, káfíńtà ní ọgbọ̀n ni, mo kà á níṣojú ẹ̀, ó wá ní òun ṣì í kà ni. Tọ́ọ̀ṣì tí o fi ránṣẹ́: ó dé, ó ń tàn, mi ò sì yá ẹnikẹ́ni. Mi ò jẹ ọ́ ní nǹkan kan mọ́. Ó wá ku èyí tí ìwọ jẹ mí.

Ṣé o wà dáadáa? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò mú ọ jù? Ṣé o ń jẹun àbí o kàn ń mu tíì? Ó dáa.

Mo gba lẹ́tà rẹ tí o fi ẹ̀rọ tẹ̀. Ìwé funfun báláú, lẹ́tà kan ò ga ju ìkejì lọ, àfi bíi pé ìjọba ló ń kọ̀wé sí mi. Mo gbé àpótí sẹ́yìn ilé, mo wọ awò mi, mo ń kà á bọ̀. Nígbà tí mo dé ìlà kẹfà, mo bọ́ awò, mo nù ún, mo tún un kà. Mo dà á kọ síbí bí o ṣe tẹ̀ ẹ́, kí o má baà ní ojú mi ló ń ṣe mí:

"Oga mi obinrin ti ra ibon fun mi. Ise mi bayii ni ki n ma fi so oko re lati aaro kutu. Inu re dun si mi gan-an, nitori mo ti pa to ogoji laarin ose meji."

Àwòdì! Obìnrin kan ra ìbọn fún ọmọ mi kó máa fi ṣọ́ ọkọ rẹ̀? Irú ọkọ wo nìyẹn? Kí ló ṣe tí wọ́n fi ń wá a? Ogójì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mẹ́ta lójúmọ́, o ò tiẹ̀ sinmi lọ́jọ́ Àìkú. Àbí àwọn obìnrin tó ń bá a ṣe wọlé-wọ̀de lo ń pa? Bó bá jẹ́ ìyẹn náà ni, ṣé wọ́n á tó ogójì? Lára ọkọ kan ṣoṣo?

Ìwọ tí o kì í lè pa adìyẹ láìgbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan! Di ẹrù rẹ, ọmọ mi, kí o máa bọ̀ nílé. Ebi ò tíì pa wá débi ìbọn.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, àfi Bàbá Lẹ́tà tó bá mi gba ìwé náà ní posítọ́fíìsì, torí ó bá mi níbi tí mo ti ń ké orúkọ rẹ. O mọ̀ pé bó tilẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ṣì ń gun kẹ̀kẹ́ lọ bá àdúgbò gba lẹ́tà. Má ṣe pè mí lórí fóònù o, fóònù mi ti bọ́ sí kànga. Kọ̀wé.

Èmi ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejì

Ìyá mi,

Ẹ kú àtijọ́, ẹ kú ọ̀rọ̀ orúnkún, ẹ sì kú ìpayà. Ẹ dákun, ẹ dáríjì mí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí, kí gbogbo àmì lè pé.

Ẹ wò ó dáadáa: oko. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ ẹ̀. Oko tí wọ́n ń gbin nǹkan sí! Ẹ̀rọ inú ọ́fíìsì oko yìí ò mọ àmì abẹ́, mo sì rò pé ẹ máa mọ̀. Ọ̀gá mi ò lọ́kọ mọ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ikú Ọlọ́run ló sì kú.

Ẹyẹlé ni mò ń pa. Àká ńlá kan wà níbí tí wọ́n ń kó ọkà sí, ó gùn tó ilé ìwé. Lórí igi àjà rẹ̀ ni àwọn ẹyẹlé tí kò lẹ́ni tó ni wọ́n ń gbé. Èyí tí wọ́n ń jẹ ò tó nǹkan, èyí tí wọ́n ń ṣu sí lórí ni wàhálà, torí àwọn oníbàárà á kàn fi ọwọ́ rú u, wọ́n á dá ọkọ̀ odindi padà. Ìbọn afẹ́fẹ́ ni wọ́n fún mi. Kò ní ẹ̀tù, kò ní èéfín. Èèyàn á ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni ń ṣẹ́ ìrèké, á fi ọta kékeré kan tí kò tó hóró àgbàdo sí i, á dá a padà, ó dún pà, bí ẹni pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan. Ó tán.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń yìn ín sí agolo kí ọ̀gá mi tó jẹ́ kí n wo ẹyẹ kan. Ó ní bí mi ò bá mọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹyẹ, ẹyẹ yẹn ò sí. Orí nìkan ni mò ń wò. Lọ́jọ́ kan, apá ni mo bà, ẹyẹ náà ń yí lórí símẹ́ǹtì, mo sáré lọ parí ẹ̀. Mi ò jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ ò rí ayé bí? Mo sá fún ẹyẹ kúrò nílé, mo wọ ọkọ̀ òfurufú, ẹyẹ ló tún gbà mí síṣẹ́. Wọ́n bi mí níbo ni mo ti kọ́ bí a ti ń wo ọ̀kánkán. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé pé ọmọ ọdún méje ni mo ti wà lórí pèpéle igi nínú oko ìrẹsì, pẹ̀lú kànnàkànnà lọ́wọ́, títí mo fi di ọmọ ọdún méjìlá. Ọ̀rọ̀ ìyẹn pọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Ẹ bá mi sọ fún Bàbá Lẹ́tà pé mi ò pààyàn.

Ọmọ yín,
Àwòdì.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta

Àwòdì mi,

Ẹ̀rín ni mo jẹ ọ́, mo sì ti rín in. Mo rín in títí ìyá ẹlẹ́ran fi yọjú lórí ògiri pé ṣé kò sí. "Ikú ìbọn" kọ́, "ikú Ọlọ́run" ni! Kí Ọlọ́run ó dẹ ilẹ̀ fún ọkọ ọlọ́kọ tí mo ti bú.

Ṣùgbọ́n o ti ba nǹkan jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ o. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ. O mọ Oníbúlọ́ọ̀kù, tí ọgbà rẹ̀ fara ti oko wa. Ọdún kejì rèé tó ti ń dá mi láàmú pé kí n ta oko fóun, kí òun lè rí ibi sá búlọ́ọ̀kù sí. Bàbá Lẹ́tà, tí mo ní kó má sọ, sọ. Láti ọjọ́ yẹn ni Oníbúlọ́ọ̀kù ti ń fi ọwọ́ méjèèjì kí mi. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Àwòdì ńkọ́? Ṣé kò ní pẹ́ dé?" Mo ní, "Ó lè dé nígbàkigbà." Ní ọjọ́ kejì, búlọ́ọ̀kù mọ́kànlélógún tó tò kọjá ààlà wa láti ọdún tó kọjá, ó kó wọn kúrò fúnra rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jẹ ìyá apààyàn.

Lẹ́tà rẹ wá dé. Mo sọ fún Bàbá Lẹ́tà bí o ṣe ní kí n sọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Oníbúlọ́ọ̀kù ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ó fẹsẹ̀ kọ́ra. "Màmá, wọ́n ní ẹyẹ ni! Ẹyẹ lásán!"

Ẹyẹ lásán. Hóró ìrẹsì wa ti lómi nínú, ológoṣẹ́ sì ti gbọ́. Wọ́n ń bọ̀ bí ìgbà tí èèyàn da iyanrìn sí ojú ọ̀run. Láyé bàbá rẹ, oko yẹn ń fún wa ní àpò méjìlá. Èṣín, méje. Bí mo bá rí márùn-ún lọ́tẹ̀ yìí, màá jó. Mo wá yá ìbọn afẹ́fẹ́ Bàbá Lẹ́tà, èyí tó fi máa ń lé eku. Mo ní bí ọmọ bá lè ṣe é, ìyá tó bí i náà á gbìyànjú. Ìṣirò rèé: ọta méjìlá, ẹyẹ kan ò kú. Ike omi mi tó wà létí ọ̀nà nìkan ni mo rí pa, ó sì ti jò tán. Báwo ni ẹ ṣe ń ṣe é?

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. O mọ̀ pé orúkọ méjì ni bàbá rẹ kọ sínú ìwé oko, tèmi àti tìrẹ. Oníbúlọ́ọ̀kù ní ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó, òun fẹ́ rí ìwé tí ọwọ́ rẹ kọ. Mi ò sọ pé kí o tà á, mi ò sì sọ pé kí o má tà á. Mo kàn ní o jẹ mí ní ìdáhùn.

Èmi ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Ìyá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ oko. Ẹ kú oríire ike omi.

Ẹ fi ìbọn yẹn sílẹ̀ ná. Àti pé kí ni ó wà lẹ́yìn ike? Ọ̀nà ilé ìwé ni! Bí ọta yẹn bá ba ọmọ ọlọ́mọ lójú ńkọ́? Ẹ má ṣe yìn ín sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà mọ́ láé, ẹ má sì fi ọta sínú ẹ̀ gbé e wálé.

Ìbọn afẹ́fẹ́ ò wà fún agbo ológoṣẹ́. Ẹyẹlé mẹ́wàá nínú àká, ìyẹn lèèyàn lè kà kó sì pa tán. Ẹgbẹ̀rún ológoṣẹ́ lórí ìrẹsì, ẹni tó bá ń yìnbọn sí wọn ń bu omi òkun pẹ̀lú ṣíbí ni. Ibi tí wọ́n ń sùn ni kí ẹ wá. Ó dá mi lójú pé inú koríko esùsú etí odò yẹn ni, bó ṣe wà nígbà tèmi. Ẹ bẹ èèyàn méjì kí wọ́n gé e lulẹ̀. Ẹ ta àwọ̀n sórí ìlà tó kọjú sí odò. Ẹ má dúró kí ìrẹsì gbẹ tán kí ẹ tó kórè. Tí ọ̀kan bá wá ya alágídí, tó jókòó sórí àwọ̀n tó ń wò yín lójú, nígbà náà ni kí ẹ mú ìbọn, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ ògiri erùpẹ̀.

Ní ti oko. Ẹ ní ẹ ò sọ pé kí n tà, ẹ ò sọ pé kí n má tà. Ìyá mi, mo mọ̀ yín. Ẹ ti ṣírò ẹ̀ tán, ọwọ́ mi lẹ fẹ́ kó ṣe é, kó má baà jẹ́ ẹ̀yin lẹ ta oko bàbá mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ ìdánwò ìwé kẹfà. Ẹ ò sọ pé kí n má lọ. Ẹ ní kí n kàn kọ́kọ́ lé ẹyẹ títí oòrùn á fi gbóná. Nígbà tí mo sáré débẹ̀, wọ́n ti tilẹ̀kùn. Ẹ ní ẹ gbàgbé pé ọjọ́ yẹn ni. Odindi ọdún ni mo fi dúró. Nígbà tó fi máa yípo, bàbá mi ti kú, kò sì sí ẹni tó tún dárúkọ ìwé mọ́.

Ẹ má bi mí nípa oko yẹn. Mi ò tíì mọ ohun tí màá sọ.

Àwòdì.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹrin

Àwòdì, ọmọ mi,

Gbèsè yìí ti pẹ́. Jẹ́ kí n san án kí n tó kí ọ, bí mo bá kọ́kọ́ kí ọ, ó lè tún bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Mi ò gbàgbé. Mo mọ̀ pé ìdánwò ni. Bàbá rẹ wà lórí ẹní àìsàn, ìrẹsì ti lómi nínú, ẹyẹ ti dé. Mo jókòó, mo ṣírò ẹ̀: ìdánwò á tún padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, ìrẹsì tí ẹyẹ bá jẹ kì í padà. Ìṣirò mi pé. Ọmọ ni mi ò kà mọ́ ọn. Mo wá ń sọ láti ìgbà náà wá pé mo gbàgbé, torí ẹni tó gbàgbé sàn ju ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Mo ti san án. Mo kí ọ o. Ṣé ara le?

Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dé ìdí ẹ̀. Lẹ́yìn tí lẹ́tà rẹ dé, mo gé esùsú, mo ta àwọ̀n. Ẹyẹ tí ò mọ níye kó lọ. Ó wá ku àwọn alágídí bí o ṣe wí. Èèyàn ò lè rí wọn láti ilẹ̀, ni mo bá gun pèpéle rẹ, pẹ̀lú orúnkún yìí, àtẹ̀gùn márùn-ún, mo sinmi lẹ́ẹ̀mejì. Àwòdì, mi ò gùn ún rí. Bàbá rẹ ló kàn án, ìwọ lò ń gùn ún, èmi kàn máa ń dúró nísàlẹ̀ tí mo ń pariwo pé "Wọ́n ti wà lápá òsì!" Mo jókòó, mo gbé ìbọn lé itan, mo gbójú sókè. Òrùlé ilé ìwé ló kọ́kọ́ bọ́ sí mi lójú. Gedegbe. Èèyàn ń rí pápá, ó ń rí ìlà tí àwọn ọmọ tò, ó ń gbọ́ agogo.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó ń hàn láti ibẹ̀. Ọdún márùn-ún lo fi wò ó.

Mi ò yìnbọn kankan láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ológoṣẹ́ méjì jẹ ìrẹsì wọn yó níṣojú mi.

A ti kórè. Àpò mẹ́jọ. Mo ní màá jó tí mo bá rí márùn-ún, àmọ́ orúnkún ò gbà. Ọta mẹ́tàdínlógójì, ẹyẹ mẹ́ta, ike kan ṣoṣo náà.

Oníbúlọ́ọ̀kù ń mú àwọn tó ń wọn ilẹ̀ bọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ karùn-ún oṣù keje. Oko yẹn jẹ ọ́, kò jẹ mí. Ohun tí o bá ní ká ṣe ni màá ṣe, mi ò sì ní bínú. Ìlà kan péré tó.

Èmi ìyá rẹ.


Ojo kejo, osu karun-un

Mama mi,

E ma binu pe ero ni mo tun fi te eyi. Ibon lo se mi. Nigba ti mo n se opa re wale, owo mi yo, o pada gba mi ni ika meta lowo otun. Dokita ti di i, ko si ewu. Ika kan ti owo osi ni mo fi n te e, nitori naa ko ni gun.

Mo gba leta yin. Mo ka a leemeta. O ti tan ninu mi. Emi naa ko mo pe e ko mo.

Ni ti oko baba mi: e ma ta a. Mo ti ro o daadaa. Onibulooku ko ni i da yin laamu mo. E so fun un pe emi ni mo so bee.

Omo yin,
Awodi.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù karùn-ún

Àwòdì,

Àmì kan lo jẹ mí. Ẹyọ kan. Mi ò ní kí ọ títí màá fi sọ ọ́.

"E ma ta a." Ọmọ mi, ṣé "ẹ má tà á" ni, àbí "ẹ máa tà á"? Bó bá jẹ́ èkíní, oko dúró. Bó bá jẹ́ èkejì, oko lọ. Nígbà tí mo wà ní ìwé kẹta, ẹgba mẹ́fà ni tíṣà wa máa ń na ẹni tó bá gbàgbé àmì. Mo rò pé ìkà ni. Lónìí ni mo mọ̀ pé ó ṣàánú wa.

Ní ìlà àkọ́kọ́ o kọ "E ma binu". Ìyẹn yé mi, torí ọmọ kì í sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó máa bínú lọ. Bàbá Lẹ́tà ní bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ má, má náà ni ìkejì, pé ọwọ́ kan náà ló tẹ̀ ẹ́. Oníbúlọ́ọ̀kù ní rárá o, pé kí ni ẹni tó wà lókè òkun fẹ́ fi ẹrẹ̀ ìrẹsì ṣe, pé o tiẹ̀ ti kọ ọ́ pé òun ò ní dá mi láàmú mọ́, ìyẹn ni pé òun ti rà á tán! Ó fa báírò yọ lápò, ó ní kí n mú ìwé náà wá, òun á bá wa fi "a" kan kún un, kò sí wàhálà. Mo gba báírò náà lọ́wọ́ ẹ̀. Òun ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, ó ń kọ dáadáa.

Èmi fúnra mi, mo kà á láàárọ̀, ó ń jẹ́ má. Mo kà á nígbà tí orúnkún bá ń dùn mí, ó ń jẹ́ máa. Mi ò fẹ́ fi ọwọ́ ara mi yan èyí tó wù mí. Mo ti ṣe irú ẹ̀ fún ọ rí.

O kú ìrora o. Ìka mẹ́ta! Ṣé kò ṣẹ́? Ṣé o ń lè ká a? Sọ fún ọ̀gá rẹ pé ìyá rẹ ní kó fún ọ ní ìsinmi. Àwọn ẹyẹlé náà á fẹ́ sinmi.

Mo fi káàdì kan sínú àpòòwé yìí. Mo ti kọ "MA TÀ Á" sí i gàdàgbà. Fa ìlà kékeré sórí A àkọ́kọ́, kó dúró bí ẹyẹ lórí wáyà, tàbí kí o kọ A kejì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọwọ́ òsì lè ṣe é. Lẹ́yìn náà kí o tẹ̀ka sí i, kí Oníbúlọ́ọ̀kù má baà ní èmi ni.

Mi ò ní sọ èyí tí mò ń retí. Ṣùgbọ́n o mọ bí irúgbìn ìrẹsì ṣe rí: ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́ sómi kó tó hù, bó bá sì ti hù, kò gbọdọ̀ dúró mọ́, àfi kí wọ́n gbìn ín tàbí kí wọ́n dà á fún adìyẹ. Mo ti ṣa ìdajì àpò sọ́tọ̀. Mo sì ti dí ojú ike tí mo yìnbọn lù. Nínú ẹ̀ ni màá rẹ ẹ́ sí ní ọjọ́ Ajé, ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà, bóyá mo gbọ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ tàbí mi ò gbọ́.

Bàbá Lẹ́tà á gun kẹ̀kẹ́ lọ sí posítọ́fíìsì ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta náà bá pé. Màá ti wà lórí pèpéle, ibẹ̀ ni mo ti lè rí i lọ́ọ̀ọ́kán tó bá ń bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta oṣù keje, ni mò ń retí èsì rẹ.

Èmi ìyá rẹ.